Gìtá Báàsì Mílíọ̀nù Mẹ́fà: Ta Ni Ó Yẹ Kó Rà Á?

Ní ilé iṣẹ́ Fodera, ní Brooklyn ní ìlú New York, ó wọ́pọ̀ kí owó gìtá báàsì kan ṣoṣo kọjá 10,000 dọ́là. Ká ní ẹnìkan ní orílẹ̀-èdè Benin fẹ́ ra irú báàsì àfọwọ́gbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 10,000 euro. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti so fráǹkì CFA mọ́ euro, 655.957 fráǹkì sì ni euro kan. Báàsì náà ti di 6,559,570 fráǹkì kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, kí aṣọ́bodè tó bojú wò ó ní Kútọnu, kí ìjọba tó gba owó-orí TVA, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, lé e lórí. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní orílẹ̀-èdè Benin láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ 52,000 fráǹkì. Ẹni tó bá ń gba iye yìí ní ìlú Tchaourou, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò sanwó ilé, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá àti oṣù mẹ́fà kí owó báàsì yẹn tó pé.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé orí ẹni tó bá rà á kò pé. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a sì dáhùn pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Apá méjèèjì ti yára jù. Báàsì olówó gọbọi kì í ṣe jìbìtì, ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sì ja ẹnikẹ́ni lólè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí owó náà ń rà kì í bá gìtá wọ ọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ló ń ṣẹ́kù sí. Èyí tó bá dé Tchaourou nínú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà, kò sì súnmọ́ ọn.

Báàsì oníná kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ohun ọlá. Lọ́dún 1951 ni Leo Fender gbé Precision Bass jáde ní Fullerton, ní ìpínlẹ̀ California. Atúnrédíò-ṣe ni Fender, òun fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá í ta. Kó tó di ìgbà náà, báàsì ńlá onígi tó ga ju ènìyàn lọ ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ń rù kiri, ariwo ìlù àti fèrè sì máa ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fender mú pákó tó le kan, ó fi síkúrù de ọrùn mọ́ ọn, ó fi wáyà wé mágínẹ́ẹ̀tì sábẹ́ okùn, ó sì ta á ní 199.50 dọ́là. Bí ọrùn bá bàjẹ́, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá lè ṣe lọ́pọ̀, tí olórin lásán sì lè rà, ni ó ní lọ́kàn.

Àwọn agbẹ́gìtá onílé iṣẹ́ kékeré dé lẹ́yìn ìgbà náà. Alembic bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1969, lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ẹgbẹ́ Grateful Dead. Jack Casady ti ẹgbẹ́ Jefferson Airplane ni wọ́n ṣe báàsì wọn àkọ́kọ́ fún, atabáàsì Stanley Clarke ló sì wá sọ orúkọ wọn di ńlá. Roger Sadowsky ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní New York ní 1979. Vinny Fodera àti Joey Lauricella dá Fodera sílẹ̀ ní 1983.

Kí ni àwọn wọ̀nyí ń fi owó oníbàárà ṣe? Àkókò ni wọ́n ń fi rà. Igi tí wọ́n fẹ́ lò a máa wà ní ìpamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó lè gbẹ dé inú. Wọ́n á lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje pọ̀ láti ṣe ọrùn kan, kí ọrùn náà má baà lọ́ tó bá yá. Wọ́n á gbá fret, àwọn irin wẹ́wẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi fáìlì dán an títí tí kò fi ní ha ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n á wo bí ọwọ́ oníbàárà ṣe tóbi tó, wọ́n á bi í bó ṣe fẹ́ kí okùn jìnnà síra àti bó ṣe fẹ́ kí gìtá wúwo tó. Lẹ́yìn ọdún kan, bí ọrùn bá yẹ̀ díẹ̀, oníbàárà á gbé e padà lọ, ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ náà ni yóò tún un tò.

Ẹ wá fi owó ilé ní New York kún un, àti owó oṣù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń jẹun níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe gìtá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè ta á ní iye tí ilé iṣẹ́ ńlá ní Indonéṣíà tàbí Ṣáínà ń ta tiwọn. Owó náà bá iṣẹ́ náà mu.

Ìyàtọ̀ tí etí lè gbọ́ náà wà. Okùn tó nípọn jù lọ lára báàsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn karùn-ún, tí ọ̀pọ̀ olórin ìyìn ń fẹ́ lónìí, ń gbọ̀n nígbà 31 péré. Lára báàsì tí wọ́n ṣe láìbìkítà, okùn karùn-ún yẹn a máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọ̀pá lu páálí. Lára èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n gbẹ́, ó ń dún kedere, ó ń bá àwọn yòókù dọ́gba. Ẹni tó ń ta báàsì lójoojúmọ́ fún owó, tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní stúdíò, tó ń gbé gìtá kọ́ ejìká fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lálẹ́ kan, yóò mọ ìyàtọ̀ yìí lára ọwọ́ àti lára ẹ̀yìn rẹ̀. Irinṣẹ́ nìyẹn jẹ́ fún un, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a jà nítorí irinṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí a bá bi àwọn orin fúnra wọn, ẹ̀rí wọn lọ síbòmíràn.

James Jamerson ló ta báàsì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí ilé iṣẹ́ Motown ní ìlú Detroit fi gbajúmọ̀ káàkiri ayé láàárín 1960 sí 1970. Fender Precision ọdún 1962 ló ń lò, gìtá tó ti ilé iṣẹ́ ńlá jáde bíi ti gbogbo ènìyàn. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń fa okùn. Okùn ọ̀hún gan-an, kì í pààrọ̀ rẹ̀ àfi tó bá já. Wọ́n jí gìtá náà díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀ ní 1983, síbẹ̀ àwọn tó ń kọ́ báàsì kò tíì yéé fara wé e.

Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles ra báàsì Höfner rẹ̀ ní ìlú Hamburg, ní Jámánì, ní 1961, ní nǹkan bí 30 pọ́n-ùn. Kì í ṣe pé òun ló wù ú jù. Owó Fender tó bí 100 pọ́n-ùn ní àkókò náà, owó ọ̀hún kò sì sí. Wọ́n jí i ní London ní 1972. Nígbà tí ìròyìn jáde ní 2024 pé wọ́n ti rí i, tí wọ́n sì ti dá a padà fún olówó rẹ̀, gbogbo ayé ló gbọ́. Gìtá 30 pọ́n-ùn ti di ohun tí a kò lè díye lé. Orin tí wọ́n fi ṣe ló gbé e débẹ̀.

Nílẹ̀ Áfíríkà, Bakithi Kumalo, ọmọ Soweto, mú báàsì Washburn tí kò ní fret wọ inú àwo Graceland tí olórin Paul Simon gbé jáde ní 1986. Báàsì ilé iṣẹ́ ńlá lásán ni. Àwọn tó fẹ́ràn báàsì kò lè gbàgbé ibi kúkúrú kan nínú orin You Can Call Me Al, níbi tí báàsì ti sáré sọ̀kalẹ̀ tó tún sáré gòkè. Kumalo ta ìdajì rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ stúdíò yí téèpù padà sẹ́yìn láti fi ṣe ìdajì kejì. Ọgbọ́n orí àti ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀, gìtá kàn jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi apá kejì pamọ́. Atabáàsì Victor Wooten ra Fodera ní 1983, ọdún tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Richard Bona, ọmọ Kamẹrúùnù tí wọ́n bí ní 1967, ní Fodera tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn wọn ṣe tò. Nígbà tí Wooten ra tirẹ̀, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré lórí ìtàgé. Bona ti ta bálàfóònù ní kékeré, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan gìtá, àwo atabáàsì Jaco Pastorius ló sì mú kó yà sídìí báàsì, kí ilé iṣẹ́ Brooklyn tó mọ̀ pé ẹnìkan ń jẹ́ Bona. Ọwọ́ wọn ti gbọ́n kí wọ́n tó gba gìtá olówó ńlá. A kò tíì rí ẹni tí gìtá olówó ńlá sọ ọwọ́ rẹ̀ di ọlọ́gbọ́n.

Ọ̀dọ̀ Yorùbá náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Nínú àpàlà Haruna Ishola, agídígbo ló ń ṣe iṣẹ́ báàsì: àpótí pákó, irin pẹlẹbẹ mélòó kan, àti ìka ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́. Àwọn àwo rẹ̀ ṣì ń dún lóde ìnáwó títí di òní.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbìyànjú láti wọn irú nǹkan báyìí. Ní 2010, ní ìlú Indianapolis, Claudia Fritz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó violin mẹ́fà fún àwọn atafayolíìnì 21. Mẹ́ta jẹ́ ti àtijọ́, Stradivari méjì àti Guarneri kan, tí owó wọn tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Mẹ́ta jẹ́ tuntun. Inú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa ni wọ́n ti ta á, pẹ̀lú gọ́gù dúdú lójú. Púpọ̀ nínú wọn mú tuntun, ọ̀kan nínú Stradivari náà ni wọ́n sì fẹ́ràn kéré jù. Ní 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Lancaster ní Ìlú Ọba kó gìtá onígi mẹ́fà tí igi ẹ̀yìn wọn yàtọ̀ síra fún àwọn atagìtá 52, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí igi náà. Igi olówó ńlá àti igi olówó pọ́ọ́kú, àwọn atagìtá kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ nínú adùn wọn. Ti violin àti gìtá onígi, ara igi fúnra rẹ̀ ló ń gbé ohùn jáde. Ti báàsì oníná, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì okùn irin, áńpílì ló sì ń sọ ọ́ di ohùn. Bí igi kò bá fi bẹ́ẹ̀ ṣe ìyàtọ̀ ní ibi tí òun gan-an ti ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń san mílíọ̀nù nítorí igi ara báàsì oníná yẹ kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ilé ni kí a wá bọ̀ wàyí. Kò sí ìdí tí ará Benin fi gbọ́dọ̀ lọ sí Detroit kó tó gbọ́ báàsì tó dára. Mélomé Clément dá Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou sílẹ̀ ní 1968, Gustave Bentho ló sì ń ta báàsì fún ẹgbẹ́ náà. Púpọ̀ nínú àwọn orin tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ àwo kéékèèké láàárín 1972 sí 1975, ẹ̀rọ Nagra kan tó ṣe é gbé kiri àti máíkì díẹ̀ ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì kó wọn jọ sínú àwo The Vodoun Effect, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń rà á. Ní Pàrákú, tí kò ju bí 60 kìlómítà sí Tchaourou lọ, Moussa Mama àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Super Borgou de Parakou, ti kọrin ní èdè Bàrìbá àti èdè mìíràn. Ilé iṣẹ́ kan náà kó orin wọn ti 1970 sí 1976 jáde ní 2012 pẹ̀lú orúkọ The Bariba Sound. Ohun tó ń mú àwọn olùgbọ́ ibẹ̀ jó lórí àwo wọ̀nyẹn ni bí báàsì àti ìlù ṣe di ara wọn mú. Kò sí ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n ra gìtá.

Ìtàn Lionel Loueke ló ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ yìí. Kútọnu ni wọ́n ti bí i ní 1973. Gìtá ló ń ta, kì í ṣe báàsì, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni. Ó tó ọdún kan kó tó rí 50 dọ́là tó fi ra gìtá tirẹ̀ àkọ́kọ́ kó jọ. Okùn gìtá ṣọ̀wọ́n débi pé inú kíkan, fínígà, ló ń rẹ ti àtijọ́ sí kó lè mọ́. Nígbà tí wọ́n já, okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi rọ́pò wọn. Okùn bíréèkì le ju ohun tí ọrùn gìtá lè gbà lọ. Káfíńtà ló ń bá a tún ọrùn náà ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gba ibẹ̀ dé Abidjan, Páríìsì, ilé ẹ̀kọ́ Berklee ní Boston, ó sì di ẹni tí Herbie Hancock, onípíánò jáàsì, ń mú rìn kárí ayé. Kí ló sọnù lọ́wọ́ Loueke ní Kútọnu? Okùn, àti ẹni tó mọ gìtá tún ṣe. Àfọwọ́gbẹ́ olówó gọbọi kò sí lára rẹ̀.

Ohun kan náà ló ṣì sọnù ní agbègbè Tchaourou. Ní àwọn ìlú tó wà lójú ọ̀nà Kútọnu sí Pàrákú, níbi tí Nàgó, Bàrìbá àti Fúlàní ti ń gbé pọ̀, ilé ìjọsìn ni báàsì sábà máa ń wà. Ìjọ ló ni ín. Ọmọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń fọwọ́ kàn án: ọ̀kan lọ́jọ́ Ìsinmi, òmíràn ní ìṣọ́-òru, òmíràn lálẹ́ ìgbéyàwó. Báàsì tí wọ́n gbẹ́ ní ìwọ̀n ọwọ́ ẹnìkan ní New York ti pàdánù ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ tó bá di ti ọwọ́ mẹ́rin.

Ẹ tún wo ibi tí ohùn rẹ̀ ń gbà jáde. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í ní áńpílì báàsì. Wáyà ni wọ́n ń fà láti ara gìtá lọ sínú mixer, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, láti ibẹ̀ lọ sínú gbohùngbohùn tí pásítọ̀ fi ń wàásù. Gbohùngbohùn kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè gbé ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 41 jáde bó ti yẹ, ká má tíì sọ ti 31. Èyí tó rinlẹ̀ jù nínú ohùn náà ti sọnù kó tó kúrò nínú àpótí. Ìjọ ti ra Fodera, ohun tí ìjọ sì ń gbọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti gìtá 200 euro.

Ọyẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn òjò, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá dé láti Sàhárà, pákó ọrùn gìtá a máa súnkì, irin fret kì í sì í súnkì. Etí irin á yọ síta, á máa ha ọwọ́. Ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn tàbí síwájú, okùn á máa han. Báàsì olówó ńlá tí wọ́n fi ọ̀pá carbon sí nínú ọrùn lè fara dà á ju àwọn yòókù lọ, òtítọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun náà nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí irin inú ọrùn padà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi fáìlì gé etí fret. Ẹni náà wà ní Brooklyn. Bí kò bá sí irú rẹ̀ nítòsí, gìtá mílíọ̀nù mẹ́fà á jókòó sínú àpótí rẹ̀ nínú yàrá ìgbìmọ̀, ọmọ ìjọ á sì gbé ti àtijọ́ jáde.

Àwọn tó ń gbẹ́ gìtá olówó ńlá fúnra wọn ti rí i pé ọjà ti yí padà. Àwọn olórin náà rí i: Marcus Miller, atabáàsì tí Fender Jazz Bass ọdún 1977 tí Sadowsky tún ṣe sọ di àwòkọ́ṣe, fi orúkọ rẹ̀ sára báàsì Sire ní 2015. Àwọn kan wà nínú wọn tí owó wọn kò ju 500 euro lọ, 327,979 fráǹkì, wọ́n sì yí etí ọrùn wọn roboto bí ti àwọn olówó ńlá. Sadowsky náà ní ẹ̀ka tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, tí iye rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ti New York. Yamaha TRBX174, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, kò ju 250 euro lọ. Ní 1980, ìyàtọ̀ láàárín gìtá pọ́ọ́kú àti gìtá ọ̀jọ̀gbọ́n dà bí ilẹ̀ àti ọ̀run, torí pé ọwọ́ àti ojú ènìyàn ló ń darí púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé e. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń gé ọrùn lónìí, ó sì ń gé ti 300 euro dọ́gba bó ṣe ń gé ti 3,000.

Ẹni tó ń bínú pé owó ara rẹ̀ ni òun fẹ́ ná, kò sí ìjà níbẹ̀. Ọmọ Tchaourou tó wà ní Páríìsì tàbí Houston, tó ń fi báàsì jẹun, tí ìsọ̀ agbẹ́gìtá sì wà ní wákàtí kan sí ilé rẹ̀, lè ra èyí tó bá wù ú. Owó rẹ̀ kò ní ṣòfò, torí orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń jẹ́ kí ó rọrùn láti tún un tà. Ọ̀rọ̀ wà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ fi irú gìtá bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, àti pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ dáwó rà á kí ìjọ tiwọn má baà kéré sí ti ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká pín 10,000 euro náà. Báàsì mẹ́ta ní 500 euro, 1,500. Áńpílì báàsì mẹ́ta tí gbohùngbohùn wọn tó ínǹṣì 15, ní nǹkan bí 500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,500. Okùn tuntun ogójì ìdì ní 25 euro, 1,000. Kò sí ẹni tí yóò se okùn àtijọ́ nínú omi gbígbóná mọ́ kó lè tún dún. Irinṣẹ́ atúngìtá-ṣe, fáìlì, ìwọ̀n, kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ ìjó-wáyà, 1,000. Ó ku 5,000 euro, 3,279,785 fráǹkì. Aṣọ́bodè àti owó ọkọ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀. Ìyókù ṣì tó láti san owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ kan lọ́dọ̀ ẹni tó mọ gìtá í tún ṣe ní Kútọnu tàbí Èkó. Fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ dé ìdí, ilé ẹ̀kọ́ ITEMM wà ní Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ gìtá ní èdè tí ọmọ Benin ti gbọ́ ní ilé ìwé.

Igi tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi gbẹ́ báàsì tirẹ̀ kò sì ní wá láti òkèèrè. Warwick, ilé iṣẹ́ Jámánì tí Hans-Peter Wilfer dá sílẹ̀ ní 1982, gbajúmọ̀ nítorí àwọn igi Áfíríkà tó fi ń ṣe báàsì: wenge, bubinga, ovangkol, àti afzelia. Ìran igi apá ni afzelia. Apá wà nínú igbó ọba Tchaourou-Toui-Kilibo àti lẹ́bàá oko. Àwọn darandaran ń gé ewé rẹ̀ fún màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, agégi sì ti gé e débi pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìpàdé CITES ní Panama fi apá Áfíríkà sínú àkójọ àwọn igi tí a kò gbọ́dọ̀ tà kọjá ibodè láìní ìwé àṣẹ. Gẹdú ń lọ, gìtá ń bọ̀, iye tí gìtá kan fi ń padà bọ̀ sì ju ti igi kan lọ fíìfíì. Ìjọba Benin ti rí irú ọ̀ràn yìí nínú kajú: láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti fòfin de kíkó kajú tútù jáde, kí àwọn ilé iṣẹ́ bíi ti agbègbè Glo-Djigbé lè ṣe é nílé. Báàsì kò ní mú iye owó tí kajú ń mú wọlé wá láéláé. Ṣùgbọ́n igi apá kan ṣoṣo tí wọ́n gé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa, lè di ara ọ̀pọ̀ báàsì, káfíńtà Tchaourou sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Ọrùn àti fret ni kò tíì mọ̀, ìyẹn ló sì yẹ kí a fi owó kọ́ ọ.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè náà kò le. Gìtá báàsì olówó gọbọi tọ́ sí owó rẹ̀ fún ẹni tó ń fi í jẹun, tó sì ń gbé nítòsí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Fún ìjọ kan ní Tchaourou, Papanè tàbí Kilibo, kò tọ́ sí i lónìí. Ìgbìmọ̀ tó bá ń dáwó lọ́wọ́, kí ó ra báàsì 500 euro, kí ó ra áńpílì, kí ó ra okùn tí yóò tó ọdún mẹ́ta, kí ó sì fi èyí tó ṣẹ́kù rán ọmọ kan tó fẹ́ràn igi àti orin lọ kọ́ṣẹ́, kó padà wá ṣí ìsọ̀ sí Pàrákú. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, tí ẹ bá fẹ́ fi ohun kan ránṣẹ́ sílé lọ́dún yìí, okùn àti áńpílì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.